Àga Ìdí Póókà Tí Màmá Súrùlérè Kò Fún Mi

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: òjòwú ni mí. Nígbà tí màmá tó bí ìyá mi kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín ẹrù rẹ̀, aṣọ òfì àti iyùn ni àwọn àǹtí mi ń wò. Èmi ò wo ọ̀kankan nínú wọn. Agolo mílíìkì kan tí ara rẹ̀ ti bó ni mò ń wá, èyí tí kórò àgbálùmọ̀ kún inú rẹ̀, àti páálí káàdì tó máa ń wà lórí rẹ̀. Mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá a dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìgbà tó yá ni ìyá mi wá sọ fún mi pé Màmá ti gbé e fún Bùsọ́lá kí ó tó kú. Bùsọ́lá kì í ṣe ọmọ wa o. Ayálégbé ni, yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ló ń gbé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì olóògbé, mo sunkún, gbogbo wọn sì rò pé Màmá ni mò ń sunkún.

Màmá Súrùlérè là ń pè é, nítorí pé màmá tó bí bàbá mi wà ní Mushin, a kò sì gbọdọ̀ ṣi wọ́n pè. Tíṣà ni. Ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ kan títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀fun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í yí padà. Bí o bá sọ fún un pé o yege ìdánwò, ojú kan náà ni. Bí o bá sọ fún un pé àwo tó ti ìlú òyìnbó dé ti fọ́, ojú kan náà ni. Iná lè dé lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa hó yèè, Màmá á kàn nawọ́ tan fáànù ni. Láti kékeré ni mo ti ń wo ojú yẹn, tí mò ń wá ibi tó ti máa rẹ́rìn-ín sí mi.

Nígbà àgbálùmọ̀, ẹni tó bá ju kórò sọnù nílé rẹ̀ ti dá ọ̀ràn. Á kó wọn jọ, á fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n, á sá wọn sójú fèrèsé títí wọn á fi máa dán. A kọ́kọ́ rò pé àwa ọmọdé ló ń kó wọn jọ fún, kí a lè máa fi wọ́n ṣeré. Irọ́ ni. Póókà ló ń fi wọ́n ta. Ní ọ̀sán Sátidé, tí a bá ti jẹun tán, á tẹ́ aṣọ tábìlì àtijọ́ kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á bu paúdà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ooru má baà lẹ̀ wọ́n pọ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn paúdà lára ọmọ jòjòló, Sátidé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn mẹ́ta ló máa ń ta á: òun, Bàbá Tíṣà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, àti Ìyá Ìjọ wa, ìyá onírọ̀rùn kan tó máa ń kọ orin ìsìn bó bá rí káàdì tó dára, tí gbogbo wọn sì fi máa ń mọ̀. Èmi ni mò ń gbé tíì wá. Mo bẹ Màmá pé kó kọ́ mi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, lọ ta Wọ́ọ̀tì.”

Òun náà kò rí ẹni kọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ó sì máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé wá ta káàdì. Màmá á gbé oúnjẹ wá, á dúró sẹ́yìn àga wọn bí ẹni pé ó ń dúró kó àwo, títí ó fi mọ eré náà jù wọ́n lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tí àwọn ọ̀rẹ́ ò wá mọ́, ó gbé káàdì náà, ó sì jókòó. Ìtàn yìí ni mo gbọ́ tí mo fi ronú pé ọ̀nà ló ń júwe fún mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé tíì wá, mo sì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Kò pẹ́ tí Bàbá Tíṣà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tó ń rẹ́rìn-ín. Màmá yíjú padà.

Ó ní, “Kúrò lẹ́yìn mi jàre. Ojú rẹ ń ka káàdì mi fún wọn.”

Ìjà rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ kì í gbàgbé. Àlùfáà tuntun kan dé ìjọ wa nígbà kan, ó wá kí Màmá nílé láìsọ tẹ́lẹ̀, ó sì bá wọn nídìí póókà. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ nílé àgbà ìjọ. Ìyá Ìjọ ti fi gèlè bo kórò tirẹ̀. Màmá kò bo nǹkan kan. Ó bu kórò kún ọwọ́, ó nà án sí àlùfáà, ó ní, “Ẹ wò ó, Rẹ́fúrẹ́ńdì. Ẹ wá náírà níbẹ̀. Olúwa ló dá igi àgbálùmọ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́. Èwo ni tẹ́tẹ́ níbẹ̀?” Wọ́n fà á, wọ́n fà á, tíì tí mo gbé wá fún àlùfáà tutù. Nígbà tó yá, ó rọra wo orí tábìlì, ó béèrè pé kí ló wá ń na kí ni nínú káàdì yìí. Màmá fa àga fún un. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló kọ́ ọ! Ó kọ́ àlùfáà tó wá bá a wí, èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ gbé tíì mìíràn kaná. Inú mi ru débi pé mo gbàgbé ṣúgà.

Ẹ wá wo bí Bùsọ́lá ṣe wọlé. Ẹsẹ̀ Bàbá Tíṣà kò gbé e dáadáa mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mú un lọ sí Ìjẹ̀bú. Àga kan ṣófo. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ilé Màmá ni mo sì ń gbé. Ta ni àga náà tọ́ sí bí kò ṣe èmi? Ní Sátidé náà, mo tètè parí iṣẹ́ ilé, mo tilẹ̀ fi yẹtí sí etí. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá Bùsọ́lá lórí àga. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tó gba yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ káàsán o. Màmá ló ní kí n wá jókòó.” Mo wo Màmá. Ó ń pa paúdà.

Ó ní, “Kí ni oríkì rẹ, ìwọ ọmọ yìí?”

Bùsọ́lá ní Àṣàkẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, Àṣàkẹ́ ni Màmá ń pè é. Nínú ilé tí mo ti rò pé èmi nìkan ni wọ́n ń fi oríkì pè, mo wá ń gbọ́ Àṣàkẹ́ láàárọ̀, Àṣàkẹ́ lálẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé nǹkan kékeré ni. Kò kéré lójú mi nígbà náà, kò kéré títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bí Màmá ṣe ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ìsọdipúpọ̀ ló ṣe kọ́ Bùsọ́lá: ó ní kó há a sórí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà fún un kò wu Màmá, ló bá fún ọwọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Bí Bùsọ́lá bá ń fọṣọ nídìí ẹ̀rọ omi, á máa kà á, èmi á sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá mi:

“Òfìfo kò tó ìbejì, ìbejì kan kò tó ìbejì méjì, ìbejì méjì kò tó ìbẹta, ìbẹta kò tó ìlà, ìlà kò tó ọmọ ìyá, ọmọ ìyá kò tó agboolé, agboolé kò tó ìbẹrin, ìbẹrin kò tó ọmọ ìyá tó tò.”

Mo há a sórí kí Bùsọ́lá tó há a. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Káàdì méjì tí nọ́ńbà wọn bára mu ni ìbejì, mẹ́ta ni ìbẹta, mẹ́rin ni ìbẹrin. Ìlà ni márùn-ún tó tẹ̀ léra, bí ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, àrún, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń tò láàárọ̀ ní ilé ìwé. Ọmọ ìyá ni márùn-ún tí àmì ara wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ohun yòówù kí nọ́ńbà wọn jẹ́. Bí ìbẹta àti ìbejì bá pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan, agboolé nìyẹn. Ọ̀kan ń dùn mí níbẹ̀. Ìlà tó tò gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, kí ló dé tí ọmọ ìyá tí nọ́ńbà wọn rí wúruwùru fi ń nà án? Mo bi Màmá ní kíṣìnnì, mo ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn já lù.

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, “Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ. A kì í fi ẹwà to káàdì, Àbẹ̀kẹ́. Bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó la fi ń tò ó.”

Mo lọ sí yàrá mi, mo ronú sí i. Ọmọ-ọmọ tí Màmá ní kún ìlú Èkó. Ayálégbé kan ṣoṣo ló ní. Mo kórìíra Bùsọ́lá dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo jókòó nídìí tábìlì náà. Ìyá Ìjọ lọ sìnkú ní Abẹ́òkúta, Màmá sì pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, “Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó.” Aṣọ ni mò ń lọ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí síkẹ́ẹ̀tì mi, mo sáré. Síkẹ́ẹ̀tì náà jó, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Wọ́n pín káàdì márùn-ún fún wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. O lè dá èyí tí kò wúlò padà kí o gba òmíràn, lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa ju kórò sáàárín, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ga jù ni yóò kó wọn. Ẹni tí ti ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá lójú á ní òun yọwọ́, á sì dojú káàdì rẹ̀ bolẹ̀. Màmá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí irú káàdì bẹ́ẹ̀ wò. Á ní, “Ó ti kú. A kì í ṣí òkú wò.” Mo wo ọwọ́ mi: éèsì, ọba, ayaba, jáákì, àti ẹẹ́sàn-án kan. Gbogbo àgbà ìlú ló wà lọ́dọ̀ mi! Mo da gbogbo kórò mi sáàárín, mo tẹ́ káàdì mi sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrè. Bùsọ́lá rọra tẹ́ tirẹ̀: eéjì méjì, àti pàǹtí mẹ́ta mìíràn.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú o. Èmi ni mo jẹ.”

Mo ní báwo? Eéjì, tó kéré jù nínú gbogbo káàdì? Mo mọ̀ pé òfìfo kò tó ìbejì, mo há a sórí, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n lè pe ọwọ́ tí ọba wà nínú rẹ̀ ní òfìfo. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà ni àgbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé ló ń kọ́kọ́ bọwọ́ sínú àwo. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ dé ilé Màmá. Mo wò ó pé kó gbè mí.

Ó ní, “Ọba tó dá wà, òfìfo ni. Eéjì tó rí ẹnìkejì rẹ̀ ti jù ú lọ.”

A tún ta á, a tún ta á, Bùsọ́lá ń kó kórò. Ìgbà tó kẹ́yìn ni orí mi wá ṣí: ọba méjì, eéje méjì. Ìbejì méjì! Mo di ẹnu mi pa. Bùsọ́lá yọwọ́. Ó ku èmi àti Màmá. Ó ju kórò, mo ju kórò. Ó tún ju. Lẹ́yìn náà ó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ojú mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dojú káàdì rẹ̀ bolẹ̀.

Ó ní, “Mo yọwọ́. Àbẹ̀kẹ́ ti jẹ.”

Mo fò sókè. Mo jó yí tábìlì ká. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo dúró de Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún un. Èmi ni mo na Màmá Súrùlérè ní póókà. Kò pè mí sídìí tábìlì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo gbà pé ẹ̀rù mi ló ń bà á, èrò yẹn nìkan sì ni mo fi ń tu ara mi nínú bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín Bùsọ́lá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màmá kú nígbà òjò, láàárọ̀, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ tán. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

Lẹ́yìn tí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ilé náà, Bùsọ́lá kó lọ sí Yaba, lápá Ìwáyà, níbi tí èéfín ẹja máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo wá a lọ ní Sátidé kan. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, agolo náà sì wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, òun àti paúdà.

Mo ní, “Agolo yẹn ni mo wá gbà.” N kò tilẹ̀ kí i.

“Ẹ mú un, Àǹtí. Tiyín náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná jàre, oòrùn pọ̀.”

Mo jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò túká. Ọ̀kan ṣoṣo ló jáde: “Bùsọ́lá, kí lo ṣe fún un tí èmi ò ṣe?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. “Àǹtí, ẹ̀ ń fi mí ṣeré ni, àbí? Èmi ló yẹ kí n bi yín. Ọjọ́ tí ẹ na Màmá yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

“Èmi ni mo máa ń kó káàdì jọ kí n tó pò ó. Mo rí i. Ẹẹ́jọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹsẹ náà nínú ọkàn mi láti ìbejì méjì lọ sókè. Ìbẹta. Ìlà. Ọmọ ìyá. Agboolé. Ìbẹrin. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yangàn, sàráà ni wọ́n fi ṣe fún mi.

Mo ní, “Irọ́ ni.”

“N kò lè fi òkú Màmá purọ́. Àǹtí, títí tí wọ́n fi kú, wọn ò yọwọ́ fún mi rí, kórò kan báyìí! Ọjọ́ tí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, mò ń sunkún lórí tábìlì o, Màmá fi ìlà na ìbẹta mi, wọ́n kó gbogbo kórò mi, wọ́n ní kí n pín òmíràn. Mo wò ó pé, ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́? Mo jowú yín gan-an. Àwọn tí mo pè ní Màmá nílé wa ti kú, mo fẹ́ kí ẹnì kan fi tèmi sílẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan.”

“Èmi fẹ́ kó nà mí,” ni mo sọ. Omi ti dé ojú mi. “Ó yẹ kó nà mí bó ṣe ń nà ọ́. Kí ló dé tí kò kọ́ mi?”

Bùsọ́lá ní òun bi í léèrè ọ̀rọ̀ yẹn nígbà kan. Ó fi ohùn Màmá sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò sì yí padà: “Gbogbo káàdì Àbẹ̀kẹ́ ló ń hàn lójú rẹ̀. Bí mo bá ti rí i tí inú rẹ̀ dùn báyẹn, n kò lè nà án. Ojoojúmọ́ ni n óò máa yọwọ́ fún un. Ta ni yóò wá bá mi ta póókà?”

Ẹ rí ìfẹ́? Ẹ rí bí ó ṣe pọ̀ tó? Bùsọ́lá náà ló sọ ọ́ fún! Mo nu ojú mi, inú sì tún bí mi.

Mo ní, “Pín káàdì.”

A ta á. Èmi náà ju kórò bí àgbà. Ìgbà tó yá, àrún mẹ́ta wọlé sí mi lọ́wọ́. Bùsọ́lá ju kórò púpọ̀, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹyín yín ti hàn tán, Àǹtí. Mo yọwọ́.” Ó dojú káàdì rẹ̀ bolẹ̀, ó wọlé lọ bu omi fún mi. Èmi ló kàn láti kó káàdì jọ. A kì í ṣí òkú wò, mo mọ̀. Mo ṣí i. Ẹẹ́ta, ẹẹ́fà, ẹẹ́sàn-án, jáákì, ayaba: káàdì márùn-ún tí kò mọ ara wọn rí. Òfìfo ni. Mo jẹ, mo jẹ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣàánú mi. Mo yíjú sápá ọ̀tún, níbi tí Màmá máa ń jókòó sí, kí n sọ fún un. Ògiri ni mo rí.

Bùsọ́lá gbé omi dé. Mo bu paúdà sọ́wọ́, mo po káàdì, mo pín in, mo sì ti pín in sọ́nà mẹ́ta kí n tó rántí pé àwa méjì la kù. Mo fẹ́ kó ìkẹta padà.

Ó ní, “Ẹ fi ti Màmá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

N kò gbé agolo náà lọ sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ Bùsọ́lá ló wà, èmi ni mò ń lọ bá a níbẹ̀ ní Sátidé, ọwọ́ mẹ́ta náà la sì máa ń pín. Kò sí ẹni tó ń ṣí ìkẹta wò nínú wa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìbẹrin ló wà níbẹ̀, ó dá mi lójú, ẹ jẹ́ kí Bùsọ́lá bínú bó ṣe wù ú: èmi ni Màmá máa yọwọ́ fún.